OÚNJẸ TÍ ÌJỌBA Ń PÍN ÀTI Ẹ̀TỌ́ TÁLÁKÀ: Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ ÌTÀN ÀNÁBÌ YÚSÚFÙ

  

 

Ẹ̀kọ́ wa nínú ìwé ìròyìn ti ọdún yìí dá lórí oúnjẹ. Àwọn baba wa sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. A kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú, a kò sì gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ara wa ni pé oúnjẹ tí a bá ní kí a fi fún tálákà, ẹ̀tọ́ tálákà ni; kì í ṣe ẹ̀bùn láti ọwọ́ ẹni tí ń pín in. Bí a bá ti mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ni, a óò mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ ní àká tí a ti ń mú un wá, ó gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n àti orúkọ ẹni tí ó ni ín, ó sì gbọ́dọ̀ ní olùtọ́jú tí ń bẹ̀rù Ọlọ́hun.

1. ỌMỌ TÍ Ó SÙN LÓRÍ WÀLÁÀ

Kí a tó sọ ti ìjọba, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti ara wa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àpò ìrẹsì mẹ́ta wọ àdúgbò wa. Wọ́n ní kí àwa ààfáà ilé kéwú kọ orúkọ ogún ènìyàn tí kò ní. A jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a kọ ọ́. Àwa olùkọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ orúkọ ara wa, a ní ohun tí àwọn òbí ń san fún wa kò tó nǹkan. A kọ orúkọ àna ọ̀kan nínú wa. A kọ orúkọ àwọn tí ó máa ń dúró kí wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kí a tó wo ọ̀tún wo òsì, ogún ti pé.

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí a pín ìrẹsì náà, ọmọ kan sùn lórí wàláà níwájú wa. A jí i, ó tún sùn. A rò pé ọ̀lẹ ni, a nà án. Ọmọ náà kò sunkún, ó kàn ń wò wá ni. Ọmọ tí ó jókòó tì í ni ó sọ pé, "Ààfáà, kò tíì jẹun láti àná."

Bàbá ọmọ náà ti kú. Ìyá rẹ̀ ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí. Ibẹ̀ ni ó wà ní ọjọ́ tí a ń kọ orúkọ, ibẹ̀ náà ni ó wà ní ọjọ́ tí a ń pín ìrẹsì. Kò wá bẹ̀ wá, nítorí náà a kò rántí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé rẹ̀ sí mọ́sáláásí kò ju ojúlé mẹ́fà lọ.

A lọ bá ìyá náà, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun àti ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ààfáà, kò sí wàhálà, Ọlọ́hun ni ó ń pín." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrẹsì tí a ti jẹ kò ṣeé dá padà. A dá owó jọ, a ra òmíràn fún un, ṣùgbọ́n a mọ̀ nínú ọkàn wa pé gbèsè ni a san, kì í ṣe sàráà ni a ṣe.

Ọlọ́hun ti ṣe àpèjúwe irú ìyá yìí fún wa nínú Súrátù Bàkárà, áyà 273. Ó fi yé wa níbẹ̀ pé àwọn aláìní kan wà tí ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n tọrọ, débi pé ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò kà wọ́n mọ́ àwọn tí ó ní. Àwa ti há áyà yìí sórí. A ti túmọ̀ rẹ̀ nínú wáàsí Ramadan, tí àwọn ènìyàn sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó yẹ kí a lò ó, a gbàgbé rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí àwa àti ẹ̀yin jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

2. OHUN MẸ́TA TÍ ÀNÁBÌ YÚSÚFÙ FI KỌ́ WA

Gbogbo ọmọ ilé kéwú ni ó mọ ìtàn yìí. Ọba Mísírà, ilẹ̀ tí a tún ń pè ní Íjíbítì, lá àlá: màlúù méje tí ó rù gbé màlúù méje tí ó sanra jẹ, ó sì rí ṣírí ọkà méje tútù àti méje gbígbẹ. Ànábì Yúsúfù túmọ̀ rẹ̀ pé ọdún méje ni wọn yóò fi kórè, ọdún méje ìyàn yóò sì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọdún òjò àti ìdẹ̀ra yóò dé. Ṣùgbọ́n kò dúró lórí títúmọ̀ àlá nìkan. Ó sọ ohun tí wọn yóò ṣe.

Àkọ́kọ́ ni àká. Ní áyà 47, ó ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bá kórè sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, àfi díẹ̀ tí wọn yóò jẹ. Ọkà tí ó bá wà nínú ṣírí kì í tètè bàjẹ́.

Ẹ̀kejì ni òṣùwọ̀n. Nígbà tí ìyàn dé, tí àwọn ènìyàn ń ti ìlú òkèèrè wá ra oúnjẹ, ó hàn ní áyà 65 pé ẹrù ràkúnmí kan ni ó tọ́ sí ẹnìkan. Ẹni tí kò bá wá, kò sí ẹni tí yóò gba tirẹ̀ ní àgbàjẹ. Ní áyà 59, Ànábì Yúsúfù fúnra rẹ̀ fi hàn pé òun ń wọ̀n ọ́n pé.

Ẹ̀kẹta ni olùtọ́jú. Ní áyà 55, ohun méjì ni ó sọ nípa ara rẹ̀ kí wọ́n tó fi àká lé e lọ́wọ́: pé òun lè ṣọ́ ọ, pé òun sì ní ìmọ̀ rẹ̀. Olóòótọ́ tí kò mọ ìṣirò yóò ba àká jẹ́. Ẹni tí ó mọ ìṣirò tí kò ṣe é fọkàn tán yóò jẹ ẹ́ tán.

Ẹ tún wo ohun kan. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jù ú sínú kànga ni ó wá ra oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá wọn mọ̀, wọn kò dá a mọ̀. Ó wọ̀n ọ́n pé fún wọn, ó sì dá owó wọn padà sínú ẹrù wọn. Kò béèrè ìwà tí wọ́n hù sí òun kí ó tó fún wọn ní oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun mẹ́ta yìí wo àwọn ètò oúnjẹ tí a ti rí ní ilẹ̀ wa.

3. ÀKÁ

Àwọn ìyá wa ní Ìgbómìnà mọ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ yìí kí a tó kọ́ wọn ní kéwú. Wọn kì í bó háhá kúrò lára àgbàdo tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́. Wọ́n á so ó pọ̀, wọ́n á gbé e kọ́ òkè ààrò, kí èéfín lè máa lé kòkòrò. Tí oṣù karùn-ún bá dé, tí iṣu àná ti tán, tí iṣu tuntun kò tíì ta, òun ni wọn yóò máa gùn jẹ.

Ìjọba náà ti gbìyànjú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1976, ìjọba Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní Operation Feed the Nation, kí olúkúlùkù lè máa gbin ohun tí yóò jẹ. Ní ọdún 1980, ìjọba Alhaji Shehu Shagari mú ètò Green Revolution wá. Ìjọba àpapọ̀ sì ní àká ọkà ńláńlá tí ó wà fún ọjọ́ ìyàn.

Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ lọ sókè, oúnjẹ gbówó lórí pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń ka ìṣirò sọ pé iye oúnjẹ ti fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù kẹfà ọdún 2023 lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹni tí ó ra oúnjẹ ₦1,000 ní ọdún 2023 yóò san nǹkan bí ₦1,400 fún ìwọ̀n kan náà lẹ́yìn ọdún kan. Opó tí ń bó ẹ̀gẹ́ kò rí ìdá 40 gbà lórí owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun yóò kó 42,000 tọ́ọ̀nù ọkà jáde láti inú àká fún àwọn aláìní. Ẹni tí ó bá gbọ́ iye yìí yóò rò pé ó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ 1,000 kìlógíráàmù. Nítorí náà 42,000 tọ́ọ̀nù jẹ́ 42 mílíọ̀nù kìlógíráàmù. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ju 200 mílíọ̀nù lọ. Bí a bá pín in kárí, kò ní pé ìdá mẹ́rin kìlógíráàmù kan fún ẹnìkan. Ẹ̀kúnwọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni.

A kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Ìṣirò ni a ń ṣe. Àká tí ọdún ọ̀pọ̀ kò kún, ọdún ìyàn kò lè rí nǹkan bù nínú rẹ̀. Ọdún méje ni Ànábì Yúsúfù fi ń kó o jọ. Ẹni tí kò bá fi ọjọ́ kan kó o jọ, tí ó wá fẹ́ pín in ní ọjọ́ kan, ariwo ni yóò pín.

4. ÒṢÙWỌ̀N ÀTI ORÚKỌ

Ní ìpínlẹ̀ wa Ọ̀ṣun, ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ìjọba Gómìnà Adegboyega Oyetola bẹ̀rẹ̀ ètò ìrànwọ́ oúnjẹ fún 30,000 aláìní ní oṣooṣù. Ohun tí ó dára nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe ti ọjọ́ kan, oṣooṣù ni. Ẹ jẹ́ kí a tún ṣírò. Ìjọba ìbílẹ̀ 30 ni ó wà ní Ọ̀ṣun. Bí a bá pín 30,000 sí wọn lọ́gbọọgba, 1,000 ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2006, àwọn tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlá ju 62,000 lọ. Nítorí náà, ènìyàn kan nínú 62 ni yóò rí i gbà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ronú sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan nínú 62 ni yóò gbà á, ọwọ́ ẹni tí ń kọ orúkọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá kọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, opó kan ti sùn pẹ̀lú ebi. Kò sí ọlọ́pàá tí yóò mú un, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ̀, àti ọmọ tí ó sùn lórí wàláà.

Kí ni a ṣe lè mọ ẹni tí ó tọ́ sí? Nígbà tí Sàyídínà Umar ń ṣe olórí àwọn Mùsùlùmí, ìyàn ńlá mú ní Mẹ̀dínà ní ọdún kejìdínlógún lẹ́yìn Híjírà, ọdún tí wọ́n pè ní ọdún eérú. Ó kọ̀wé sí àwọn gómìnà rẹ̀. Amr ọmọ Al-As kó oúnjẹ ránṣẹ́. Umar fúnra rẹ̀ búra pé òun kò ní jẹ òrí màlúù títí ìdẹ̀ra yóò fi dé bá àwọn ènìyàn. Àwọn onítàn tún sọ pé ó ní kí wọ́n ka àwọn tí ó wá jẹun níbi oúnjẹ ìjọba, lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ ka àwọn aláìsàn, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé tí kò lè wá. Ẹ gbọ́ o! Iye àwọn tí kò wá ju iye àwọn tí ó wá lọ.

Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí. Ẹni tí ó bá lágbára láti tò sórí ìlà, tí ó lè ti ẹlòmíràn sẹ́yìn, kì í ṣe òun ni ebi ń pa jù. Ẹni tí ebi ń pa jù wà nílé. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí àwọn aṣọ́bodè ń ta ìrẹsì ní owó pọ́ọ́kú ní Yaba ní Èkó, ènìyàn tẹ ara wọn pa níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Àbújá àti ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra, níbi tí àwọn aláàánú ti ń pín oúnjẹ ọdún. Àwọn tí ó fẹ́ ṣe rere ni ó pè wọ́n. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí kò ní orúkọ ẹni tí ó ni ín, tí a kàn ní kí gbogbo ayé wá gbà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ń di ìjà.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti sọ ọ́ di òfin. Ní ọdún 2013, Íńdíà ṣe òfin pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé yóò máa gba ọkà kìlógíráàmù márùn-ún ní oṣooṣù. Nǹkan bí 800 mílíọ̀nù ènìyàn ni ètò náà kàn. Àléébù ń bẹ nínú ètò tiwọn náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí a kọ́ níbẹ̀ ni pé tálákà ilẹ̀ náà ní káàdì lọ́wọ́. Bí wọn kò bá fún un, ó lè béèrè. Kì í dúró de ìgbà ìbò. Mùsùlùmí kò gbọ́dọ̀ rí èyí bí ohun àjèjì. Ọlọ́hun ti dárúkọ irú ènìyàn mẹ́jọ tí ó ni sàká nínú Súrátù Taobátù, áyà 60, aláìní àti tálákà ni ó sì kọ́kọ́ dá.

5. OLÙTỌ́JÚ

Ní ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, àwọn oníṣòwò ńlá kó oúnjẹ jọ fún àwọn aláìní ní gbogbo ìpínlẹ̀. Oúnjẹ náà wọ Ọ̀ṣun, a sì tọ́jú rẹ̀ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ẹdẹ. Títí di oṣù kẹwàá, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tíì dé ọwọ́ àwọn tí a torí wọn kó o wá. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn já ilẹ̀kùn, wọ́n kó o lọ. Àwọn ọ̀dọ́ alágbára gbé àpò, àwọn arúgbó kò rí nǹkan mú.

Ṣé olè jíjà di halálì nítorí ebi? Rárá o. A kò ní kọ́ ọmọ yín ní ilé kéwú pé kí ó já ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kí olùtọ́jú náà mọ̀ pé oúnjẹ tí ó pẹ́ nínú àká nígbà tí ebi ń pa ẹni tí ó ni ín, àmáánà ni ó wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn àgbà ní, àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ní ọjọ́ ìdájọ́, igbá náà yóò wúwo ju ti ayé lọ.

6. OÚNJẸ ỌMỌ ILÉ ÌWÉ

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí ó ṣe é mú yangàn. Ní ọdún 2005, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ díẹ̀, Ọ̀ṣun wà lára wọn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò pẹ́ tí ó fi kú. Ti Ọ̀ṣun kò kú. Ní ọdún 2012, ìjọba Gómìnà Rauf Aregbesola fẹ̀ ẹ́ lójú, ó pè é ní O'Meals. Ó ju 250,000 ọmọ lọ tí ń jẹ nínú rẹ̀, àwọn obìnrin tí ń se é sì ju 3,000 lọ. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2016, Ọ̀ṣun ni wọ́n wá wò.

Kí ni ó mú kí èyí pẹ́ ju àwọn yòókù lọ? Ẹ fi ohun mẹ́ta ti Ànábì Yúsúfù wò ó. Ó ní orúkọ: ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kíláàsì ni yóò jẹ, ìbáà jẹ́ ọmọ olówó tàbí ọmọ opó, kò sí ẹni tí yóò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní òṣùwọ̀n: àwo kan ní ọ̀sán kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwọn tí ń ṣọ́ ọ: olùkọ́ ń wò ó, ìyá ọmọ ń béèrè nílé pé, "Kí ni ẹ jẹ lónìí?" Àwọn àgbẹ̀ àti olùsìn adìyẹ agbègbè sì rí ọjà tà.

Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni àká. Ní ọdún 2016, ₦70 ni ìjọba àpapọ̀ ń san lórí oúnjẹ ọmọ kan ní ọjọ́ kan. Ní ọdún 2022, wọ́n sọ ọ́ di ₦100. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń lọ ọjà mọ ohun tí ₦100 lè rà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá gbogbo ètò ìrànwọ́ àwùjọ rẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti wádìí bí wọ́n ṣe ń ná owó, oúnjẹ ọmọ ilé ìwé sì wà lára wọn. Ìwádìí dára, ṣùgbọ́n ikùn ọmọdé kò mọ ìwádìí.

7. OHUN TÍ Ó WÀ NÍ ỌWỌ́ WA

A ti sọ ti ìjọba tó. Kí ni àwa Mùsùlùmí Ọ̀ṣun Ìgbómìnà lè ṣe?

(a) Sàká oko. Nínú Súrátù Anámù, áyà 141, Ọlọ́hun pàṣẹ kí a yọ ẹ̀tọ́ irè oko ní ọjọ́ ìkórè rẹ̀. Ní ọ̀nà Imamu Maliki tí a ń tọ̀ ní ilẹ̀ yìí, àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì àti ẹ̀wà wà nínú rẹ̀. Bí irè bá tó wásíkì márùn-ún, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 650 kìlógíráàmù, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni a óò yọ bí ó bá jẹ́ omi òjò ni ó hù ú. Òjò náà ni ó sì ń hu tiwa. Àgbẹ̀ tí ó kó 20 àpò àgbàdo, tí àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 kìlógíráàmù, àpò méjì ni ẹ̀tọ́ tálákà lórí rẹ̀. Bí irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ 50 bá yọ tiwọn, àpò 100 nìyẹn. Ìyẹn tó 200 ilé, kí ilé kọ̀ọ̀kan máa rí kìlógíráàmù mẹ́wàá ní oṣù kan, fún oṣù márùn-ún gbáko. Mélòó nínú wa ni ó ń yọ ọ́? A máa ń bèèrè ohun tí ìjọba jẹ, a kì í bèèrè èyí tí ó wà nínú àká tiwa.

Àwọn onímọ̀ ní kí a má fi sàká falẹ̀. Nítorí náà, kí a fi í lé àwọn tí ó ni ín lọ́wọ́ ní kíákíá. Bí àwọn fúnra wọn bá fẹ́ kí a bá wọn tọ́jú rẹ̀ títí di ìgbà ọ̀wọ́n, kí a bá wọn tọ́jú rẹ̀.

(b) Àká sàráà. Ànábì wa kórìíra kí a kó oúnjẹ pamọ́ kí ó lè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kó o pamọ́ láti fi fún tálákà ní ìgbà ọ̀wọ́n, kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó ń bá wí. Ní ilé kéwú wa, ní ìgbà tí àgbàdo bá pọ̀ lọ́jà, a ń fi owó sàráà ra àpò mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà ni a ń ṣí i. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ Sátidé àti Àìkú, nígbà tí kò sí oúnjẹ ilé ìwé ìjọba, ògì wà fún ọmọ tí ó bá wá kéwú.

(d) Orúkọ. Láti ọjọ́ tí a ti kọ́ ọgbọ́n, a ti yí ọ̀nà wa padà. Àwa ààfáà kò dá kọ orúkọ mọ́. Ìyá Alásàlátù méjì, àgbẹ̀ kan àti ààfáà kan ni ó ń lọ láti agbo ilé dé agbo ilé. Ẹni tí ń kọ orúkọ kò gbọ́dọ̀ kọ tirẹ̀. Àwọn ìyá ni ó mọ ààrò tí kò rú èéfín láti àná. Kóńgò kan náà ni a fi ń wọ̀n ọ́n fún gbogbo ènìyàn. Àwọn tí kò lè wá, a ń gbé e lọ fún wọn nílé lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, kí ojú má baà tì wọ́n.

(e) Ẹ̀rí. Bí oúnjẹ ìjọba bá wọ àdúgbò, kí mọ́sáláásí rán ẹni méjì lọ wò ó: àpò mélòó ni ó dé, ilé mélòó ni ó gbà á? Kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe fún ìjà. Àwọn tí ń pín in yóò ṣọ́ra bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹnìkan ń kà á.

8. ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ọlọ́hun fi Súrátù Mọ́ọ̀nù kìlọ̀ fún ẹni tí kì í gba ẹlòmíràn níyànjú láti bọ́ tálákà. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ẹni tí kò bọ́ tálákà nìkan ni ó bá wí, ẹni tí kò gba ẹlòmíràn níyànjú náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi kọ èyí.

Ọmọ tí ó sùn lórí wàláà ní ọjọ́ náà ti ṣe wòlímọ́ọ̀tù. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn Alásàlátù méjì tí ń bá wa kọ orúkọ nísinsìnyí. Kò tíì kọ orúkọ ara rẹ̀ rí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Ohun mẹ́ta wo ni a kọ́ nínú ìṣe Ànábì Yúsúfù lórí oúnjẹ?
2. Kí ni ìdí tí Sàyídínà Umar fi ní kí wọ́n ka àwọn tí kò wá jẹun?
3. Àgbẹ̀ kan kó àpò àgbàdo 30, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 kìlógíráàmù. Àpò mélòó ni sàká rẹ̀?
4. Dárúkọ ohun méjì tí ó jẹ́ kí oúnjẹ ọmọ ilé ìwé ní Ọ̀ṣun pẹ́.
5. Ta ni ó ń gbé ní agbo ilé yín tí kì í tọrọ? Má ṣe kọ ìdáhùn èyí sínú ìwé. Lọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ.

Kí Ọlọ́hun má fi ebi dán wa wò. Kí ó fi àánú sí ọkàn àwọn olórí wa, kí ó sì jẹ́ kí àwa náà lè jẹ́ olùtọ́jú rere lórí ohun kékeré tí ó fi sí wa lọ́wọ́. Àmín.